Ilé Ọdún Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, Ohun Èlò Ọdún Kan

Ní Ìdógò níbí, ní ilẹ̀ Yewa, ilé kì í sábà parí lọ́dún tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá ra ilẹ̀ á kọ́kọ́ gbin ẹ̀gẹ́ sí i ná, kí ilẹ̀ má baà ṣófo, kí àwọn tó múlé tì í sì mọ̀ pé ó ti ní olówó. Tó bá yá, sáfẹ́yọ̀ á wá ri òkúta ààlà, èmi á ya àwòrán ilé, bíríkìlà á gbẹ́ ìpìlẹ̀. Lẹ́yìn náà koríko á hù bò ó. Bí owó àjọ bá bọ́ sọ́wọ́, tàbí tí kòkó bá ṣe dáadáa, tàbí tí ọmọ tó wà l'Ékòó bá rántí ilé, búlọ́ọ̀kù á gòkè dé ojú fèrèsé. Òjò á tún máa rọ̀ sí i bẹ́ẹ̀. Ọmọ tó wà ní jẹ́lé-ó-sinmi nígbà tí a fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀ lè ti máa múra ìdánwò WAEC kí a tó kan páànù. Ní gbogbo àsìkò yẹn, àwòrán kan ṣoṣo ni gbogbo ènìyàn ń padà sí. Bíríkìlà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lè ti ṣí lọ sí Ìdìrókò, kápẹ́ńtà tí kò mọ nǹkan kan nípa ilé náà á dé, ohun àkọ́kọ́ tí á béèrè ni, "Pílánì dà?"

Ìyẹn ni mo fi ń wọn ohun gbogbo nínú iṣẹ́ mi. Àwòrán tí mo bá yà lónìí, ó gbọ́dọ̀ ṣeé ṣí ní ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí òní, yálà mo wà láyé tàbí mi ò sí. Àkìtẹ́ẹ̀tì tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé ARCON, àjọ tó ń forúkọ àwọn àkìtẹ́ẹ̀tì sílẹ̀, ló ń yẹ̀ ẹ́ wò tó sì ń fi èdìdì tì í kó tó lọ síwájú ìjọba, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ mi ni fáìlì náà ń sùn. Ọ̀dọ̀ mi ni onílé ń padà wá bí ìwé ọwọ́ rẹ̀ bá ti gbó, tàbí tí ikán bá ti jẹ ẹ́.

Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ báyìí ni pé ṣé kí n fi AutoCAD LT 2013, sọ́fítíwià tí mo fi ń yàwòrán, sílẹ̀, kí n bọ́ sí ti ìgbàlódé. Owó mi ni mo fi rà á, nígbà tí dọ́là kan wà ní nǹkan bí ₦160, mo sì rà á ní àràdúró: mo san án lẹ́ẹ̀kan, ó di tèmi láti máa lò. Kò ní àwòrán oní-3D, nítorí LT kì í ní in. Ìlà ló ń fà, ó ń fà á dáadáa, ó ń kọ ìwọ̀n sí i lára, ó sì ń tẹ̀ ẹ́ jáde. Ọmọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ mi, tó gboyè jáde ní Fẹ́dírà Pólì Ìlaròó, kò yé sọ fún mi pé ìlà fífà ti kọjá lọ. Ó lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ ọ́. Fáìlì tí ẹnjiníà kan fi ránṣẹ́ sí wa láti Èkó kọ̀, kò ṣí. Ọmọ Ìdógò kan tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, tó ń kọ́lé fún ìyá rẹ̀, pè lórí WhatsApp, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí Màámi rí bí ilé ṣe máa rí gan-an, wọn ò mọ pílánì kà." Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Ìyá tí wọ́n ń kọ́lé fún yẹ kó lè rí ilé rẹ̀ kí wọ́n tó kọ́ ọ.

Nígbà tí mo wà ní Ìlaròó, ọwọ́ ni a fi ń kọ́ iṣẹ́ yìí. Pátákó ńlá, T-square, set-square onígun mẹ́ta, kálámù Rotring tí yíǹkì máa ń gbẹ sí lẹ́nu bí o bá gbàgbé láti dé e. Orí ìwé tó mọ́lẹ̀ kedere, tí à ń pè ní tracing, ni à ń yà á sí. Bí ìlà bá ṣì, abẹ fẹ́lẹ́ ni a fi ń ha yíǹkì kúrò, díẹ̀díẹ̀, kí ìwé má baà lu. Lẹ́yìn náà a ó gbé e lọ sí ibi tí wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́, níbi tí òórùn amóníà ti ń ta ojú. Ìwé tracing kan ṣì wà lọ́wọ́ mi tí ọ̀gá mi yà kí kọ̀ǹpútà tó dé ọ́fíìsì rẹ̀. Mo gbé e sókè sí ojú fèrèsé, mo rí gbogbo rẹ̀: ọ̀dẹ̀dẹ̀, pálọ̀, yàrá mẹ́rin, kíṣìnì tó wà lẹ́yìnkùlé. Kò béèrè ọ̀rọ̀ aṣínà lọ́wọ́ mi.

Mi ò sọ ìyẹn kí n lè gbé ayé àtijọ́ ga. Kọ̀ǹpútà gba iṣẹ́ yìí lọ́wọ́ ìpọ́njú. Ọdún 1982 ni wọ́n dá Autodesk sílẹ̀ ní Kalifọ́níà, AutoCAD wọn sì jáde ní ìparí ọdún yẹn. Ọdún 1982 kan náà ni Graphisoft bẹ̀rẹ̀ ní Budapest ní ilẹ̀ Hungary, àwọn ló ṣe ArchiCAD. Kí AutoCAD tó dé, ẹni tó fẹ́ fi kọ̀ǹpútà yàwòrán gbọ́dọ̀ ní ẹ̀rọ ńlá tó jẹ́ pé iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú àti ti mọ́tò ló lè rà á. Ohun tí AutoCAD ṣe ni pé ó gbé iṣẹ́ náà wá sórí kọ̀ǹpútà kékeré orí tábìlì. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹni tó jókòó sí Ìdógò ì bá máà rí ọ̀nà àtijẹ nínú rẹ̀ láé. Mo mọ oore yẹn, mo sì ń dúpẹ́ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ní ọdún 2016, Autodesk kò ta àràdúró mọ́. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá fẹ́ tuntun, yíyá ni yóò máa yá a, lóṣooṣù tàbí lọ́dọọdún. Ọjọ́ tí owó bá tán, ó di pé kò ṣí mọ́. AutoCAD odindi wà ní nǹkan bí 2,000 dọ́là lọ́dún, LT wà ní nǹkan bí 500. Kí ìjọba tó tú náírà sílẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 2023, dọ́là wà ní nǹkan bí ₦460, LT ọdún kan ì bá jẹ́ nǹkan bí ₦230,000. Ní ₦1,500 sí dọ́là, ó di ₦750,000, AutoCAD odindi sì di mílíọ̀nù mẹ́ta. Owó oṣù tó kéré jù tí òfin fi lélẹ̀ ní ọdún 2024 jẹ́ ₦70,000. Ẹni tó ń gba iye yẹn, tí kò jẹ, tí kò mu, á ṣiṣẹ́ ju oṣù mẹ́wàá lọ kó tó lè yá LT fún ọdún kan, á sì ṣe é ju ogójì oṣù lọ fún odindi. Owó tí mo ń gbà lórí àwòrán ilé oníyàrá mẹ́ta ní Ìdógò kò jọ èyí tí wọ́n ń gbà ní Lekki. Kò sí bí mo ṣe máa gbé ₦750,000 lé àwọn oníbàárà mi lórí tí wọn ò ní padà sọ́dọ̀ bíríkìlà tó ń fi igi ya pílánì sórí iyẹ̀pẹ̀.

Ohun tó ń dùn mí nínú yíyá ju iye owó lọ. Ilé tí a ń kọ́ fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, tí ohun èlò tó ya àwòrán rẹ̀ jẹ́ ti ọdún kan, ó túmọ̀ sí pé mo gbọ́dọ̀ san owó yá yẹn nígbà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí n lè máa tún àwòrán tí mo ti gba owó rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré ṣe nínú rẹ̀. Ọdún tí iṣẹ́ kò bá sí, tí n kò rí owó san, gbogbo àwòrán ìlú tó nílò àtúnṣe á há sínú àpótí kan náà pẹ̀lú mi. Ẹni tó ní ọ́fíìsì ní Èkó, tí iṣẹ́ ń wọlé lóṣooṣù, tí ilé rẹ̀ ń parí láàárín oṣù mẹ́jọ, yíyá lè bá a lára mu dáadáa. Èmi ò bá a jà. Àkókò ilé tirẹ̀ àti àkókò ohun èlò rẹ̀ ló bá ara wọn mu.

Àwa ará Ìdógò mọ ohun tó ń jẹ́ kéèyàn wà ní ìparí ọ̀nà tí ẹlòmíì ni. Ìlú wa ni rélùwéè tó yà láti Ìfọ̀, tó gba Ìlaròó kọjá, ti parí. Láyé àwọn òyìnbó amúnisìn, ìlú tí rélùwéè parí sí, ìlú ọjà ni. Oko Yewa ń kó ẹrù wá síbẹ̀, ọkọ̀ ojú irin ń kó o lọ sí Èkó. Kò sí ẹni tó béèrè lọ́wọ́ Ìdógò kí ọkọ̀ náà tó ṣíwọ́ wíwá. Ìyẹn ni ìtàn tí gbogbo ènìyàn ń sọ. Èyí tí mo máa ń rò jù nínú rẹ̀ ni ìwọ̀n láàárín irin méjèèjì. Ojú irin tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti Èkó ní ọdún 1896, tó dé Ìbàdàn ní 1901, mìlímítà 1,067 ló wà láàárín irin rẹ̀. Ẹ̀ka tó wá sí Ìdógò bá a dọ́gba, nítorí náà ohun tó bá gorí rẹ̀ ní Ìdógò nígbà náà lè lọ tààrà dé Ìbàdàn, kó tún kọjá lọ sí Kánò. Ní oṣù kẹfà ọdún 2021, wọ́n ṣí ọ̀nà tuntun láti Èkó sí Ìbàdàn. Ó yára, ó dára, mo ti wọ̀ ọ́, inú mi dùn sí i. Mìlímítà 1,435 ni tirẹ̀. Kódà bí wọ́n bá tún irin Ìdógò ṣe lọ́la, tí wọ́n ha ìpẹtà rẹ̀ kúrò, tí wọ́n pààrọ̀ gbogbo igi abẹ́ rẹ̀, ọkọ̀ tuntun yẹn kò lè gba orí rẹ̀. Kì í ṣe nítorí pé irin náà ti bàjẹ́. Ìwọ̀n ni kò ṣe déédéé.

Fáìlì DWG, tí AutoCAD ń tọ́jú àwòrán sí, náà rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé DWG kan ṣoṣo ló wà. Ìwọ̀n rẹ̀ ti yí padà lọ́pọ̀ ìgbà: ti 2000 wà, ti 2004, ti 2007, ti 2010, ti 2013, ti 2018. AutoCAD tuntun ń ka gbogbo ti àtijọ́. Ti àtijọ́ kò lè ka tuntun. Tèmi dúró sí ìwọ̀n 2013, fáìlì ẹnjiníà wà ní ìwọ̀n 2018, ìdí nìyẹn tí kò fi ṣí. Ìwọ̀n 2018 yẹn ṣì ni AutoCAD ń lò títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, ohun tó sì yẹ kéèyàn kíyè sí nìyẹn: ẹ̀yà tuntun ń jáde lọ́dọọdún, ṣùgbọ́n fáìlì kò yí padà lọ́dọọdún. Ìṣòro tí ọmọ tó ń bá mi ṣiṣẹ́ kà sí òpin ayé, ìgbésẹ̀ kan ló parí rẹ̀. Ẹgbẹ́ kan wà tó ń jẹ́ Open Design Alliance, wọ́n dá a sílẹ̀ ní 1998 kí fáìlì àwòrán má baà há sọ́wọ́ iléeṣẹ́ kan. Wọ́n ní ohun èlò kékeré kan tí wọ́n ń fún gbogbo ayé lọ́fẹ̀ẹ́, tó ń yí DWG láti ìwọ̀n kan sí òmíràn. A gbé fáìlì ẹnjiníà sínú rẹ̀, ó yí i sí 2013, ó ṣí. Píláà àti irin rẹ̀ wà níbi tó yẹ. Autodesk fúnra rẹ̀ náà ní DWG TrueView tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí lọ́fẹ̀ẹ́. Mo ti gbọ́ nípa àwọn tó tìtorí fáìlì kan ṣoṣo tí kò ṣí lọ gbówó yá láti fi ra kọ̀ǹpútà àti ẹ̀tọ́ ọdún kan. Ọ̀rọ̀ yìí ló mú kí n máa pariwo ohun èlò ọ̀fẹ́ wọ̀nyí fún gbogbo ẹni tó bá wọ ọ́fíìsì mi.

Nítorí náà, fáìlì tí kò ṣí kì í ṣe ìdí tó tó láti pààrọ̀. Ìyá tó fẹ́ rí ilé rẹ̀ ńkọ́? Sọ́fítíwià kan wà tó ń jẹ́ Blender, ọ̀fẹ́ ni, kò sì sí òfin tó ní kí o má fi jẹun. Ọmọ tó ń bá mi ṣiṣẹ́ fi ọjọ́ díẹ̀ gbé ilé náà dìde nínú rẹ̀, ó fi òjìji igi àgbálùmọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, a fi fídíò kékeré ránṣẹ́ sí Lọ́ńdọ̀nù. Ìyá náà wò ó lórí fóònù, wọ́n ní kí a gbé kíṣìnì jìnnà sí yàrá àwọn, èéfín kò bá àwọn lára mu mọ́. Nínú gbogbo ohun tí wọ́n ti sọ lórí ilé náà, ìyẹn ló wúlò jù, wọn ì bá má sọ ọ́ láé bó bá jẹ́ pé pílánì nìkan ni a gbé síwájú wọn.

Ibi tí ẹ̀rí ọmọ náà ti lágbára jù, tí mi ò lè fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn, ni sọ́fítíwià Revit àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Wọ́n gbé Revit jáde ní ọdún 2000, Autodesk rà á ní 2002. Nínú LT tèmi, ògiri jẹ́ ìlà méjì tó dúró síra wọn; kọ̀ǹpútà kò mọ̀ pé ògiri ni. Nínú Revit, ògiri mọ̀ pé ògiri ni òun. Ó mọ gíga rẹ̀, ó mọ nínípọn rẹ̀, ó mọ pé búlọ́ọ̀kù ni wọ́n fi kọ́ òun. Bí o bá gbé fèrèsé kan kúrò nínú pílánì, ó ti kúrò nínú àwòrán ojú ilé, ó ti kúrò nínú ìwé tí wọ́n ń ka fèrèsé sí. Nínú tèmi, ibi mẹ́ta ni mo gbọ́dọ̀ ti lọ fọwọ́ yọ ọ́.

Ẹni tí kò kọ́lé rí lè rò pé ìrọ̀rùn ayàwòrán nìkan ni ìyẹn. Owó onílé ló wà níbẹ̀. Búlọ́ọ̀kù oní-ínṣì mẹ́sàn-án gùn ní mìlímítà 450, ó ga ní 225. Nǹkan bíi mẹ́wàá ló ń bo ògiri tó gùn ní mítà kan tó sì ga ní mítà kan. Ẹ̀yin ẹ bá mi ṣírò. Ilẹ̀kùn tó fẹ̀ ní 0.9 tó sì ga ní 2.1, àti fèrèsé mítà 1.2 níbùú àti lóròó, bí a bá pa wọ́n pọ̀, àyè wọn lé ní mítà mẹ́ta níbùú lóròó, ó jẹ́ búlọ́ọ̀kù bíi mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Ilé oníyàrá mẹ́fà, tí ẹni tó ka búlọ́ọ̀kù kò yọ ilẹ̀kùn àti fèrèsé kúrò, á ní kí onílé ra bíi igba búlọ́ọ̀kù tí kò ní ibi tí á lọ, àti sìmẹ́ǹtì tí wọn ì bá fi kó wọn lé ara wọn. Láàárín wa, igba búlọ́ọ̀kù yẹn kì í ṣòfò. Ó máa ń kúrò ní ilẹ̀ náà lóru. Opó tó ń fi owó gàrí kọ́lé ni wọ́n ń gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun èlò tó bá lè ka búlọ́ọ̀kù láìgbàgbé ilẹ̀kùn kan, iṣẹ́ rere ló ń ṣe, n kò ní sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀ nítorí pé n kò fẹ́ràn yíyá.

Revit fúnra rẹ̀ wà ní nǹkan bí 3,000 dọ́là lọ́dún, kò sì fẹ́ kọ̀ǹpútà tí RAM rẹ̀ kò tó gígábáìtì 16. Èyí tó wà lórí tábìlì mi, mẹ́rin ni tirẹ̀. Kọ̀ǹpútà tó lágbára ń jẹ iná ju kékeré lọ, iná ìjọba níbí sì jẹ́ àlejò. Láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní ìparí oṣù karùn-ún ọdún 2023, wákàtí jẹnẹrétọ̀ kan ti di ohun tí a ń rò lẹ́ẹ̀mejì.

Ọmọ náà wá sọ ohun tí ọ̀pọ̀ ń sọ: "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká wá èyí tí wọ́n ti já kọ́kọ́rọ́ rẹ̀." Wọ́n ń tà á nínú fláàṣì ní Computer Village n'Íkejà, wọ́n ń fi í ránṣẹ́ lórí Telegram. Mo ní kò ní wọ ibí. Òfin Ẹ̀tọ́ Oníṣẹ́-ọpọlọ ti ọdún 2022 dáàbò bo sọ́fítíwià bó ṣe dáàbò bo ìwé, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀rù òfin ló mú mi sọ bẹ́ẹ̀. Mo ti rí ilé tí mo yà fún ẹnìkan ní Ìdógò tó dìde ní abúlé tí wọn ò ti san kọ́bọ̀ fún mi, tí ẹni tó kọ́ ọ ti lọ ṣe fótókópì pílánì náà. Ó dùn mí wọ inú egungun. Báwo ni n ó ṣe jókòó sórí iṣẹ́ ọpọlọ ẹlòmíì tí mo jí, kí n máa fi ya iṣẹ́ ọpọlọ tí n kò fẹ́ kí wọ́n jí? Ewu mìíràn tún wà. Ní ọdún 2012, àwọn ọlọ́pàá kòkòrò kọ̀ǹpútà ti iléeṣẹ́ ESET rí ọ̀kan tí wọ́n pè ní ACAD/Medre.A, tó ń wọ inú AutoCAD, tó ń kó àwòrán àwọn ènìyàn lọ. Peru ló ti tàn jù, ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwòrán ló sì ti fi ránṣẹ́ sí àpótí í-meèlì ní Ṣáínà kí wọ́n tó dá a dúró. Ohun tí o bá gbà lọ́wọ́ ẹni tó já kọ́kọ́rọ́, ìwọ kò mọ ohun tó kù tó fi síbẹ̀. Nínú fáìlì mi, ibi tí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ilé àwọn ènìyàn wà ló wà níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ pólì tún jẹ mí lógún ju tèmi lọ. Iléeṣẹ́ tó ni Revit ń fún akẹ́kọ̀ọ́ lọ́fẹ̀ẹ́, ọdún kan lẹ́ẹ̀kan, wọ́n sì lè tún un gbà níwọ̀n ìgbà tí wọ́n bá ṣì wà nílé ẹ̀kọ́. Ìlò ẹ̀kọ́ nìkan ni. Kò gbọ́dọ̀ pawó. Ọ̀dọ́ tó fi ọdún mẹ́rin kọ́ ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ohun èlò yẹn á sin ìlú, á padà wá sí Ayétòrò tàbí Ìpókíá, á sì rí i pé iṣẹ́ tí òun mọ̀ wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn tí owó rẹ̀ ju mílíọ̀nù mẹ́rin náírà lọ lọ́dún. Nínú wọn ni àwọn tó ń já kọ́kọ́rọ́ ti ń wá. Mo rò pé ilé ẹ̀kọ́ tó wà láàárín wa yẹ kó kọ́ wọn ní méjì: èyí tí Èkó àti Lọ́ńdọ̀nù ń béèrè, àti èyí tí wọ́n lè gbé dání kúrò ní géètì lọ́jọ́ tí wọ́n bá gba ìwé ẹ̀rí. FreeCAD ti wà láti 2002, ẹ̀yà 1.0 rẹ̀ jáde ní oṣù kọkànlá ọdún 2024. Òun náà mọ̀ pé ògiri jẹ́ ògiri. Kò yá bíi Revit, ojú rẹ̀ le díẹ̀, ẹni tó bá ti mọ́ Revit lára á máa bínú sí i lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́. Síbẹ̀ ó ń ka búlọ́ọ̀kù, ó sì ń kọ fáìlì rẹ̀ sí IFC, tó jẹ́ ìlànà tí àjọ ISO fọwọ́ sí láti 2013, tí iléeṣẹ́ kankan kò dá ni.

Ibi tí mo fẹsẹ̀ lé nìyí. Mi ò ní yá. LT 2013 á máa fa ìlà lọ níwọ̀n ìgbà tí kọ̀ǹpútà tó wà nínú rẹ̀ bá ṣì ń mí, mo sì mọ̀ pé kò ní mí títí láé: Windows 7 tó wà lórí rẹ̀, Microsoft ti dáwọ́ ìtọ́jú rẹ̀ dúró láti oṣù kìíní ọdún 2020, nítorí náà a kì í so ó mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀tọ́ àràdúró pàápàá so mọ́ kọ̀ǹpútà kan. Bó bá kú, ẹni tó ṣe sọ́fítíwià ló lè sọ bóyá òun ṣì máa ṣílẹ̀kùn fún mi lórí òmíràn. N kò fẹ́ kí àwòrán odindi ìlú dúró de ìdáhùn yẹn. Mo ti ń ya owó sọ́tọ̀ fún BricsCAD, tí àwọn ará Ghent ní Bẹ́ljíọ̀mù ṣe, tó ń ka DWG, tí wọ́n ṣì ń tà ní àràdúró. Ọ̀wọ́n ni, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan ni, mo sì lè kó o jọ bí àwọn oníbàárà mi ṣe ń kó búlọ́ọ̀kù jọ.

Kíka búlọ́ọ̀kù kò ní dúró de ìyẹn. Láti ìsinsìnyí lọ, ilé tó bá ti ju yàrá mẹ́ta lọ, ọmọ náà á gbé e dìde nínú FreeCAD, onílé á sì gba ìwé kan tí a kọ iye búlọ́ọ̀kù sí, pẹ̀lú ilẹ̀kùn àti fèrèsé tí a ti yọ. N kò ní gba owó lé e. Ó yẹ kí n ti máa ṣe é fún wọn láìka ohun èlò tí mo ń lò sí.

Iṣẹ́ tó pọ̀ jù ni ti fáìlì àtijọ́. A ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, à ń kọ ọ̀kọ̀ọ̀kan sí DXF, tí sọ́fítíwià ọ̀fẹ́ bíi LibreCAD lè kà, à ń kọ ọ́ sí PDF, a sì ń tẹ ẹyọ kan sórí ìwé tó nípọn fún onílé. Àwọn kan ti kú, ọmọ wọn ni mo ń wá. Bàbá kan ní òpópó Ìlaròó tó ti gbàgbé pé òun ní pílánì rí gba tirẹ̀ lọ́wọ́ mi, wọ́n tẹ́ ẹ sórí ẹsẹ̀ wọn, wọ́n fi ìka tọ yàrá tí wọn kò kọ́ nígbà náà nítorí owó, wọ́n ní, "Èyí ṣì kù." Mo sọ fún wọn pé ìpìlẹ̀ rẹ̀ ti wà nínú ilẹ̀.

Ọmọ tó ń bá mi ṣiṣẹ́ kò tíì gbà fún mi tán. Ó fẹ́ lọ sí Èkó lọ́dún tó ń bọ̀, sí ọ́fíìsì ńlá tí wọ́n ti ń san owó Revit fún òṣìṣẹ́ wọn, mo sì ti sọ fún un pé kó lọ, n ó kọ lẹ́tà fún un. Kí ó tó lọ, ó ti ṣèlérí láti parí àwọn fáìlì tó wà láti ọdún 2012 sí 2016. Ó dé ti 2014 lánàá.